Ihò tó wà lábẹ́ yàrá ìyá mi

Tíṣà jọ́gíráfì ni mí. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìtìjú mi ti wúwo jù. Ká ní n kò kàwé ni, ǹ bá sọ pé n kò mọ̀. Mo mọ̀. Ọdọọdún ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ bí ẹ̀gbẹ́ òkè ṣe ń ya lulẹ̀ nígbà tí òjò bá pọ̀, àti bí ilẹ̀ tó ní ihò nínú ṣe ń jìn lójijì pẹ̀lú ilé orí rẹ̀. Mo máa ń yà á sí ojú pátákó, mo sì máa ń fi ṣọ́ọ̀kì pupa kun ihò náà.

Ilé àtijọ́ tí ìyá mi ń gbé ní agboolé wa ní Ìrẹmọ, ní Ifẹ̀, ti ń jò láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Mo wá pinnu pé màá kọ́ yàrá kan àti pálọ̀ fún un lẹ́yìnkùlé kí òjò tó dé. Gbogbo agboolé ló gbọ́. Èmi náà rí i dájú pé wọ́n gbọ́, nítorí mo fẹ́ràn kí wọ́n máa pè mí ní ọmọ tó mọ ìyá rẹ̀ tọ́jú.

Ní ọjọ́ kejì tí a ń gbẹ́ ìpìlẹ̀, ọkọ́ bíríkìlà kan nǹkan líle. Ó fi ọwọ́ gbá erùpẹ̀ kúrò, la bá rí àpáàdì, irú èyí tí àwọn ará àtijọ́ tò ní òòró sínú ilẹ̀ láti fi tẹ́ àgbàlá wọn, ó tẹ́ lọ bí ẹní. Kò sí ọmọ Ifẹ̀ tí kò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá dé etí àwọn tó ń tọ́jú ohun àtijọ́, wọ́n á ní kí iṣẹ́ dúró, wọ́n á fi okùn yí ibẹ̀ ká, ó di ìgbà tí wọ́n bá wò ó tán. Nítorí náà, ohun tí púpọ̀ nínú wa máa ń ṣe ni pé a ó wo ọ̀tún, a ó wo òsì, a ó sì bò ó kíákíá.

Ṣùgbọ́n ti àpáàdì nìkan kọ́. Ojú ihò róbótó kan wà láàárín rẹ̀, erùpẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ bí èlùbọ́. Bíríkìlà ti irin gígùn kan bọ̀ ọ́. Irin náà wọlé títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan ilẹ̀, kò sì kan ìsàlẹ̀. Ó gbójú sókè wò mí. Ọ̀dọ́kùnrin ni, mo fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ dáadáa.

"Tíṣà, ihò ni o. Ẹ jẹ́ ká gbẹ́ ẹ dé ìsàlẹ̀ ká fi òkúta dí i, tàbí ká sún ilé yìí síwájú."

"Sún un lọ síbo? Ṣé sórí sàréè bàbá mi?" Mo gbaná jẹ. "Tí o bá gbẹ́ ẹ, gbogbo Ìrẹmọ ló máa wá wòran, wọ́n á sì dá wa dúró. Òjò ti ń ṣú, ìyá mi ń sùn lábẹ́ òrùlé tó ń jò. Bò ó!"

"Tíṣà, ẹ̀yin lẹ kàwé o."

"Mo ní kí o bò ó!"

A tẹ́ ilẹ̀kùn àtijọ́ kan lé ojú rẹ̀, a da àfọ́kù búlọ́ọ̀kù sí i, a da erùpẹ̀ lé e, a sì fi kọnkéré bò ó mọ́lẹ̀. Ọjọ́ tí ìyá mi kó wọlé, àwọn ará agboolé gbàdúrà fún mi títí ẹnu fi rẹ̀ wọ́n. Mo ń ṣe àmín, mo ń wo ilẹ̀. Ìyá mi ní kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì òun sí kọ̀rọ̀, kí wọ́n fà á mọ́ ògiri pátápátá. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé ó fẹ́ fi àárín yàrá ṣe pápá bọ́ọ̀lù ni. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó pè mí wọ yàrá, ó fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀. "Gbọ́ bó ṣe ń dún. Ǹjẹ́ ilẹ̀ yìí dára?"

"Mọ́mì, ilẹ̀ wo ni kì í dún?"

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó tún bi mí pé ṣé kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀ tó yẹ kí òun mọ̀. Mo jágbe mọ́ ọn, ìyá tó bí mi lọ́mọ! "Háà, Mọ́mì! Àgbà ti dé sí yín, gbogbo nǹkan lẹ ń gbọ́. Ẹ jẹ́ n simi, ẹ jọ̀ọ́." Ó ní kò burú.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, bí mo ṣe ń ya ilẹ̀ tó ní ihò sójú pátákó, ni ọmọbìnrin kan nawọ́ ní kíláàsì mi. "Sà, ǹjẹ́ irú ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ ní Ifẹ̀ níbí?"

"Ifẹ̀ kẹ̀? Orí àpáta la wà. Jókòó." Ọmọ náà jókòó. Mo kọjú sí pátákó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa ohun tí n kò tíì kọ tán rẹ́.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, lẹ́yìn òjò ọjọ́ mẹ́ta, ilẹ̀ àárín yàrá náà jìn. Wọ́n pè mí lórí fóònù, mo sáré dé. Tábìlì ti wọlé, àpótí aṣọ ìyá mi ti wọlé. Òun alára dúró lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ìró rẹ̀ ti tú. Etí ilẹ̀ tó kù kò ju kí ènìyàn gbé ẹsẹ̀ kan lé e lọ. A na ọwọ́ sí i, ó rọra fi ẹ̀gbẹ́ rìn jáde.

Agboolé dàrú. "Bíríkìlà olè! Ó ti kó sìmẹ́ǹtì jẹ!" Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó jẹ́ olórí ilé wa, ní kí wọ́n pè é kíákíá. Ìlú Ẹdúnàbọ̀n ló ti ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, sìmẹ́ǹtì ṣì wà lára ṣòkòtò rẹ̀ nígbà tó dé. Wọ́n pè é ní olè, wọ́n pè é ní apànìyàn. Ó wò mí. Gbólóhùn kan péré ló ń retí láti ẹnu mi. Mo wo bàtà mi. Ojú tì mí débi pé inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi sí i, bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ mí.

Ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá mi. "Ẹ má bínú, mà."

"Dìde," ni ìyá mi wí. "Ìwọ kọ́."

Àwọn ènìyàn ní àánú ló ń ṣe é. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí bíríkìlà máa lọ, pé àwọn kò gbọdọ̀ tún rí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní agboolé náà mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní kí n má banú jẹ́, ọmọ rere ni mí.

Mo mú ìyá mi lọ sí ilé mi. Mo gbé oúnjẹ fún un, kò jẹ ẹ́. Nígbà tí n kò lè fara dà á mọ́, mo dọ̀bálẹ̀. "Mọ́mì, èmi ni. Mo mọ̀ pé ihò wà níbẹ̀. Ó kìlọ̀ fún mi, mo ní kó bò ó."

"Mo mọ̀."

Mo gbé orí sókè.

"Ọjọ́ tí mo kó wọlé ni ọmọ bíríkìlà yẹn ti yọ́ sọ fún mi. Òun ló fi ojú ibẹ̀ hàn mí, òun ló ní kí n fa bẹ́ẹ̀dì mọ́ ògiri. Mo ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, pé ìwọ fúnra rẹ á sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi ọ́."

"Kí ló dé tẹ́ ò kó kúrò níbẹ̀? Ṣé ẹ̀rù ò bà yín ni?"

"Ó bà mí. Bí òjò bá ti ń rọ̀, mo máa ń di bẹ́ẹ̀dì mú ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá kó jáde nínú ilé tuntun tí ọmọ mi kọ́ fún mi, wọ́n á bi mí ìdí rẹ̀. Kí ni kí n wá sọ fún wọn nípa rẹ?"

Mo lọ sí Ẹdúnàbọ̀n lọ́jọ́ kejì. Mo bẹ bíríkìlà náà kó bá mi padà sí agboolé. Ó kọ̀, mo tún bẹ̀ ẹ́, kó tó tẹ̀ lé mi. Nígbà tí gbogbo wọn pé, ìyá mi náà ń bẹ níbẹ̀, mo sọ ohun tí mo ṣe, mo sì dọ̀bálẹ̀ fún bíríkìlà tí mo jù lọ, tí wọ́n pè ní olè nítorí mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí n dìde kíá, pé kí ni mò ń ṣe yẹn.

Ìyá mi ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀ níbi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí.