Bẹ́ẹ̀dì Tí Mo Kàn fún Ẹ̀yìn Ìyá Mi

Mo ti kórìíra bẹ́ẹ̀dì onírin yẹn kí ó tó wọlé wa tán. Láti Àbíjàn ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti fi í ránṣẹ́ sí ìyá wa ní Ẹ̀jìgbò, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, ó sì gun orí ọkọ̀ ẹrù wá bí ìyàwó tuntun. Irin rẹ̀ ń dán, orí idẹ roboto wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, sípíríǹgì inú rẹ̀ sì ń ké bí ẹnikẹ́ni bá fi ìka kàn án. Gbogbo agbo ilé ló wá wò ó. Wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sọ pé ọmọ tó lọ sí ìdálẹ̀ tí kò gbàgbé ìyá rẹ̀ kò ní rí ibi. Kò sí ẹnìkan tó béèrè lọ́wọ́ ìyá mi bóyá ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ẹ̀yìn náà sì ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ìyá mi ti yọ̀ ṣubú ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe epo pupa ní Ara, níbi tí ilẹ̀ ti máa ń yọ̀ bí ilá. Ó fi ìdí balẹ̀ lórí òkúta, kò sì lè dá dìde mọ́ láti ọjọ́ náà. Bàbá kan tó ń to eegun, ará Ọ̀là, fọwọ́ yẹ ẹ̀yìn náà wò, ó ní ohun tó lè ràn án lọ́wọ́ ni kí ó máa sùn lórí ibi tó le tó sì tẹ́jú, kí a má ṣe jẹ́ kí àárín ẹ̀yìn rẹ̀ wọ kòtò láéláé. Lójú gbogbo wa ló ti sọ ọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí bẹ́ẹ̀dì dé, wọ́n sì gbé ìyá mi sínú kòtò.

Kòtò ni bẹ́ẹ̀dì náà, n kò ní orúkọ mìíràn fún un. Bí ènìyàn bá ti sùn sí i, sípíríǹgì á rì ní àárín, tìmùtìmù á tẹ̀lé e lọ sísàlẹ̀, orí á ga, ẹsẹ̀ á ga, ìdí á wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ìyá mi ká jọ síbẹ̀ bí ọmọ tuntun nínú ọpọ́n ìwẹ̀. Mo ní kí a gbé e kúrò, kí a tẹ́ ẹ sórí pákó. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, tó ń tọ́jú rẹ̀, fi ọwọ́ lérí.

“Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ fẹ́ kí n wí fún ẹ̀gbọ́n yín? Pé a gbé ìyá rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì Àbíjàn, a tẹ́ ẹ sórí pákó bí ẹja gbígbẹ?”

Àbúrò bàbá mi, tó jẹ́ olórí agbo ilé wa, kò tilẹ̀ jẹ́ kí n dáhùn. Ó ní ìlara kò dára láàárín ọmọ ìyá. Èmi káfíńtà, èmi tí mo jókòó sílé, wọ́n ní ojú mi pọ́n nítorí ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ṣe. Ó rí mi lára débi pé mo jáde kí n má bàa sọ ohun tí ọmọ kì í sọ sí àgbà. Kò sí ohun tí mo kórìíra tó kí ìyà máa jẹ ènìyàn lórí ohun tí àlejò ń yìn.

Àwọn àlejò náà sì ń yìn ín. Wọ́n á wọlé, wọ́n á kí bẹ́ẹ̀dì, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó kí ìyá mi. Ní gbogbo ìgbà yẹn, oúnjẹ ti di ìjà. Bí ènìyàn bá sùn gbalaja tí wọ́n ń da ẹ̀kọ sí i lẹ́nu, kò lè ṣe kí ó má gba ọ̀nà òdì lọ. Ẹ̀kọ á há a, yóò húkọ́, ikọ́ náà á sì mi ẹ̀yìn rẹ̀ títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. A to ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn, ìrọ̀rí ń yọ́ lọ. A fi ọwọ́ gbé e sókè, ó ké. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹnu rẹ̀ dé bí ó bá ti rí abọ́. Ó ní òun ti yó. Ẹni tí ọrùn rẹ̀ ti tín-ín-rín tó báyẹn, tó ní òun yó! Mo mọ̀ pé bí kò bá rí ọ̀nà jókòó kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹun, ebi ni yóò pa á, ẹ̀yìn kọ́.

Iṣẹ́ mi nígbà náà ni kíkan pákó sára ọkọ̀ akẹ́rù, àwọn bọ̀lẹ̀kájà tó ń ná ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ àti Òṣogbo. Pákó tí a fi ń dí ẹ̀yìn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń ṣí sílẹ̀. Irin méjì ló dì í mú nísàlẹ̀ bíi ti ilẹ̀kùn, ẹ̀wọ̀n ló sì ń dá a dúró níbi tí awakọ̀ bá fẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni mo ń kàn lọ́jọ́ kan tí ó sọ sí mi lọ́kàn pé bí pákó bá lè ṣí sílẹ̀ fún iṣu àti kòkó, ó lè ṣí sókè fún ìyá mi. Mo ju òòlù sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣọ́ọ̀kì ya bẹ́ẹ̀dì sí ilẹ̀ ìsọ̀ mi.

Bẹ́ẹ̀dì tí mo rò ni èyí tí pákó rẹ̀ pín sí méjì. Èyí tí ìdí àti ẹsẹ̀ wà lórí rẹ̀ kò ní mira. Èyí tí ẹ̀yìn àti orí wà lórí rẹ̀ á máa gbé sókè, igi kan á sì wà lábẹ́ rẹ̀ tí yóò máa tì í. Mo gé eyín bíi ti ayùn, àmọ́ ńláńlá, sára igi ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ìdí igi náà lè wọ àárín wọn, kí ó má yẹ̀. Bí ènìyàn bá fẹ́ sùn, a tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Bí ó bá fẹ́ gbé ojú sókè díẹ̀, a gbé e dé eyín kan. Bí ó bá fẹ́ jẹun, a gbé e dé òpin.

Ojú ni mo fi wọn ibi tí pákó yóò ti ṣẹ́ nígbà àkọ́kọ́. Mo dùbúlẹ̀ sí i, mo ní kí àwọn alábàáṣiṣẹ́ mi gbé e. Ọ̀dọ̀ ìhà mi ló ti ṣẹ́ dípò ìbàdí, ó sì ká mi láàárín ẹ̀yìn bí ẹni ń dá igi ìdáná. Mo pariwo. Bí ó bá jẹ́ ìyá mi ni mo gbé lé e, ǹ bá ti parí iṣẹ́ tí òkúta Ara bẹ̀rẹ̀. Ó wá yé mi pé ibi tí ara fúnra rẹ̀ ti ń tẹ̀ ni bẹ́ẹ̀dì gbọ́dọ̀ ti tẹ̀, ibẹ̀ nìkan. Ara mi kì í sì í ṣe ara ìyá mi. Àfi kí n lọ wọ̀n ọ́n.

Mo gé ọ̀pá tó gún régé, mo mú un lọ sílé lẹ́yìn ìrun Àílà. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi. Ó ní kí n ṣe é. Ó na ara, ó pa ojú dé nítorí ìrora, mo tẹ́ ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti àtàrí dé gìgísẹ̀. Ibi ìbàdí ni mo ń fi ọ̀bẹ sàmì sí lọ́wọ́ nígbà tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gbé abọ́ ẹ̀kọ wọlé.

Abọ́ náà fọ́. “Yéè! Ẹ gbà mí o! Ọkọ mi ti ń wọn ìyá fún sàréè!”

Ní ọ̀dọ̀ wa, wọn kì í wọn alààyè níbùú. Òòró ni télọ̀ ń wọn ènìyàn. Ẹni tó bá na gbalaja, tó pa ojú dé, tí ẹnìkan tẹ́ ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ ló ń dúró de ìwọ̀n rẹ̀. Kò sí ọmọdé ìlú wa tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ọ̀pá káfíńtà ni mo rí ní ọwọ́ mi, bẹ́ẹ̀dì ni mo ń rò. Kí n tó dìde, iyàrá ti kún.

“Ṣé orí rẹ pé?” Àbúrò bàbá mi ló sọ bẹ́ẹ̀. “Òkú là ń wọn níbùú! Ìyá tó bí ọ, tí ẹ̀mí ṣì wà lára rẹ̀!”

“Bàbá, ẹ dákun, bẹ́ẹ̀dì ni mo fẹ́ kàn fún wọn.”

“Bẹ́ẹ̀dì wo? Kí ló wà lórí ẹ̀ yẹn? Ẹní ni?”

Ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ mi, ó dá a lórí orúnkún, ó ní kí wọ́n lọ jù ú sí igbó. Ìyá mi ń sọ pé òun ni òun ní kí n wọn òun, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ. Wọ́n ní ìbẹ̀rù ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n ṣe sàráà ní ọjọ́ kejì láti lé ikú tí mo fi ọ̀pá pè. Àáfà ṣe àdúà, àdúà náà dára, n kò ní àbùkù kàn án. Ohun tó tẹ̀lé e ni n kò lè gbàgbé. Wọ́n gbé àkàrà wọlé, ó gbóná, epo ń kán lára rẹ̀, wọ́n sì jẹ ẹ́ nínú iyàrá náà, lórí ìyá mi gan-an. Wọ́n ń pọ́n ìka lá. Wọ́n ń gbúfẹ̀ẹ́. Ìyá mi ń wo àjà, mo rí ọ̀fun rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò, ó ń gbé itọ́ mì. Kò sẹ́ni tó fi àkàrà lọ̀ ọ́, nítorí wọ́n ti mọ̀ pé yóò há a. Nígbà tí wọ́n jẹ ẹ́ tán, àbúrò bàbá mi, tó ní mo fẹ́ sin ìyá mi láàyè, fi etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi nu epo ọwọ́. Mo jáde lọ dúró lẹ́yìn ilé, mo tutọ́ títí ẹnu mi fi gbẹ.

Mo rò pé ó parí nìyẹn. Ìyá mi kò rò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wá kí i lẹ́yìn sàráà náà, ó fa gèlè kan yọ lábẹ́ ìrọ̀rí.

“Bá mi fọ gèlè yìí. Ó ti ń rùn.”

“Ẹ mú un wá, Ìyá, èmi á fọ̀ ọ́,” ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wí.

“Ọmọ mi ni mo bẹ̀.”

Ìsọ̀ ni mo ti tú u. Kókó kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀. Ìyá mi ti na gèlè náà sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, etí kan ní àtàrí, ó sì ta kókó sí ibi tí ìbàdí rẹ̀ wà. Ta ni yóò mú obìnrin fún títa kókó sí gèlè ara rẹ̀? Mo tẹ́ ẹ sórí pákó, mo fi ayùn sí ibi kókó náà. Ní ti ẹsẹ̀, kò ṣòro, pákó ẹsẹ̀ lè gùn bó ṣe wù ú.

Ọjọ́ tí mo kàn án tán, àwọn alábàáṣiṣẹ́ mi méjì bá mi gbé e lọ ní òwúrọ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi dí ẹnu ọ̀nà. Ó ní a kò ní gbé pákó wọlé àfi bí bàbá, olórí agbo ilé, bá dé. Mo ní kí ó lọ pè wọ́n. Kí wọ́n tó dé, a ti fi aṣọ gbé ìyá mi sórí ẹní tó nípọn, a sì ti ń tú bẹ́ẹ̀dì Àbíjàn.

Bí a ti gbé tìmùtìmù náà, òórùn lé wa sẹ́yìn. Àárín rẹ̀ ti dúdú, ìtọ̀ àti òógùn ti bà á jẹ́ wọnú, ó ti hu. Àwọn ìdun wà ní oríkèé irin gbogbo, wọ́n sanra, wọ́n pupa, wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́ bí onílé. Ẹ̀jẹ̀ ìyá mi ni wọ́n fi yó. Àbúrò bàbá mi wọlé, ó ti la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Mo gbé tìmùtìmù náà dúró níwájú rẹ̀, mo ní, “Bàbá, ẹ wo bẹ́ẹ̀dì Àbíjàn.” Ó fi ọwọ́ agbádá bo imú. Ó yí padà, ó lọ. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi dúró síbẹ̀, ó wò ó, lẹ́yìn náà ó bá wa mú etí kan, a jọ gbé e jáde.

A tẹ́ ìyá mi sórí pákó, lórí tìmùtìmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí mo fi òwú ṣe. Mo gbé orí bẹ́ẹ̀dì náà dé eyín àkọ́kọ́. Ó di ọwọ́ mi mú.

“Ṣé ó ń dùn yín?”

“Máa gbé e lọ.”

Mo gbé e dé èkejì, mo gbé e dé òpin. Igi náà wọlé, kò yẹ̀. Ìyá mi jókòó. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó wò mí, ó wo ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ó tún wò mí.

“Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà,” ni ó wí. “Láti ọjọ́ tí mo ti ṣubú, ihò imú yín ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Kò sì sí èyí tó mọ́ nínú gbogbo rẹ̀.”

A rẹ́rìn-ín títí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún. Ìyá mi ní kí ó mú dígí tó fi ń lé tìróò wá. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wò mí, bóyá kí òun mú un wá. Ó mú un wá.

Ìyá mi gba dígí náà, ó gbé e sókè. Ó fi ìka tọ eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó tọ ihò tó wà ní ìdí ọrùn. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu gbogbo wa. Lẹ́yìn náà ó da ojú dígí dé sórí itan rẹ̀.

“Ebi ń pa obìnrin yìí,” ni ó wí. “Ẹ gbé oúnjẹ wá fún un.”