Jákẹ́ẹ̀tì tí mo rì mọ́lẹ̀ nínú òkìtì òkìrìkà

Ìyá tó ń ta òkìrìkà n'Íkòtún gbá mi létí lónìí láì fọwọ́ kàn mí.

Mo rí jákẹ́ẹ̀tì jíǹsì kan nínú òkìtì aṣọ wọn, bíi tuntun. Owó ọwọ́ mi ò tó. Mo bá rì í mọ́lẹ̀ sábẹ́ òkìtì, mo sáré lọ gbowó lọ́dọ̀ oní-POS.

Kí n tó dé, ó ti wà lọ́rùn ọmọge kan!

"Ìyá, èmi ni mo fi í pamọ́ síbẹ̀ o!"

"Mo rí ẹ. Ọjà mi lo wá ń fi pamọ́ fún èmi tí mo ni ín? Ká ní o ní kí n bá ẹ gbé e sílẹ̀ ni, ta ni màá tà á fún yàtọ̀ sí ẹ?"

Wọ́n nawọ́ sí àwọn náílọ́ọ̀nù tó wà lẹ́yìn wọn. Aṣọ àwọn tó ní àwọn ń bọ̀ ni, kò sẹ́ni tó tíì sanwó. Gáùn ọmọdé kan ti wà níbẹ̀ láti ṣáájú Iléyá.

Mo ní, "Tí ọmọ yẹn bá ti dàgbà jù ú lọ ńkọ́, Ma?"

"Ẹnu ìyá ẹ̀ ni màá ti gbọ́ ọ."

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ri aṣọ mọ́lẹ̀ bíi tèmi, ẹ dà? Ẹ jáde síbí jàre!