Èèpo Tó Kù Lára Ọ̀gánwó

Ọ̀gánwó kan ṣoṣo ló kù nínú oko kòkó bàbá mi lẹ́bàá Ìtapàjí. Géńdé mẹ́ta kò lè fọwọ́ gbá ìdí rẹ̀ mọ́ra. Àwọn onígẹdú ti gé gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ tà, ṣùgbọ́n bàbá mi ò gbà fún wọn. Bàbá ní àwọn bá igi náà níbẹ̀ ni, àwọn á sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ìyọnu igi yìí ni èèpo rẹ̀. Ẹni tí ibà mú, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò tó, oko wa ni gbogbo wọn ń bọ̀. Àwọn àgbà mọ bí wọ́n ṣe ń gé e: díẹ̀ níhà ìlà oòrùn, díẹ̀ níhà ìwọ̀ oòrùn, kí oje lè ráyè gba ibi tó kù. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ọ̀kadà sílẹ̀ lójú títì, tó ń kánjú, ìlà oòrùn wo ló fẹ́ wò? Wọ́n bó igi yípo títí ó fi ku ibi tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ méjì. Inú bí mi burúkú. Bàbá mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ibẹ̀ mọ́, torí ẹni tó bá bó ìyẹn ti pa igi nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá ni ìyá àgbà kan tí oko wa jọ pààlà wá bẹ bàbá mi nítorí ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí lára ní ọsibítù Ìkọ̀lé. Mo sọ fún màmá náà pé kí wọ́n fara mọ́ oògùn dókítà. Wọ́n gbọ́, wọn ò dìde. Nígbà tó ṣe, bàbá mi mú àdá, wọ́n lọ bó èèpo náà fúnra wọn, wọ́n fi ewé dì í, wọ́n gbé e fún màmá.

Nígbà tí màmá lọ tán, mo ní, “Bàbá, ẹ mọ̀ pé ẹ ti pa á?”

“Mo mọ̀. Ṣé kí n wá sọ fún un pé igi mi ju ọmọ rẹ̀ lọ ni?”

Ọmọ náà ti padà sílé ìwé. Màmá jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, èèpo ló gba gbogbo ọpẹ́, wọn ò dárúkọ dókítà rárá. Ọ̀gánwó wọ́wé láàárín òjò, nígbà tí gbogbo igbó tutù yọ̀yọ̀. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Tí èmi àti bàbá mi bá jọ ń kọjá lábẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò.