Yàrà tí Dativa Ní Kí Wọ́n Gbẹ́

Gbogbo òkè wa ní Gakenke ló ń pe Dativa ní Agoronome, nítorí òun ni òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn tí ìjọba fi sọ́dọ̀ wa. Obìnrin kúkúrú ni, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì, tí kì í rìn kó má yára. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń lé oyè ọ̀mọ̀wé nílé ẹ̀kọ́ gíga, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yege nínú ìdánwò àfẹnuṣe kan níwájú olùdánwò mẹ́rin. Ó ti jókòó sí i lẹ́ẹ̀kan, ó fìdí rẹmi. Ẹ̀ẹ̀kejì ló kù, kò sí ẹ̀ẹ̀kẹta. Bó bá tún fìdí rẹmi, kó kó ìwé rẹ̀ sílé, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Ẹni tó yẹ kó tọ́ ọ sọ́nà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Rwagasana. Ọmọ òkè kan náà ni wọ́n. Ọkùnrin náà kọ́lé sórí ilẹ̀ baba rẹ̀, ibẹ̀ ló sì máa ń wá lópin ọ̀sẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ni Dativa ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún un, ogójì ojú-ewé lórí yàrà tí wọ́n ń gbẹ́ sí orí òkè kí àgbàrá má baà wọ́ oko lọ. Ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló padà wá pẹ̀lú gbólóhùn kan ṣoṣo tí wọ́n fi bírò pupa kọ: "Kò tíì tó." Kí ni kò tó? Níbo? Ẹni tó mọ̀nà tí kò fẹ́ nàka sí i, kí la fẹ́ pe irú ìyẹn?

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, apá ibo ni kò tó?" Dativa bi í lọ́jọ́ kan lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀.

"Bó o bá ronú dáadáa, wàá rí i," ni Rwagasana wí, ó sì wọ mọ́tò rẹ̀ lọ.

Dativa lọ ka ìwé mọ́kànlá sí i. Iṣẹ́ náà di ọgọ́ta ojú-ewé. Kò tíì tó.

Ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹrin, gbogbo ilé jáde fún umuganda, iṣẹ́ àdúgbò oṣooṣù. Umuganda kò mọ ọ̀jọ̀gbọ́n yàtọ̀ sí darandaran. Kálukú ló ń mú ọkọ́ dání. Oko ìyá àgbà Kankindi ni wọ́n lọ tún ṣe, tí òjò ti wó fún ọdún kẹta léra wọn. Gbogbo ẹ̀wà tó gbìn ló bá ilẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ òkè.

Nígbà tí iṣẹ́ parí tí wọ́n jókòó sórí koríko fún ìpàdé, Kankindi dìde. Opó ẹni àádọ́rin ọdún ni, kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ.

"Agoronome, ìwọ tí ò ń lọ sílé ìwé títí irun rẹ fi fẹ́ funfun, sọ fún wa. Kí ló dé tí oko mi ń wó?"

"Òjò ló pọ̀ jù, ìyá àgbà. Yàrà òkè yẹn kò jìn tó, ẹ jẹ́ ká gbẹ́ ẹ sí i."

"Ká gbẹ́ ẹ sí i kẹ̀?" Kankindi pàtẹ́wọ́. "Nígbà tí ọkọ mi wà láyé, a ò ní yàrà kankan, òjò sì ń rọ̀, oko ò wó. Ọdún tí wọ́n gbẹ́ yàrà gan-an ló bẹ̀rẹ̀. Ta ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ?"

Gbogbo wọn ló mọ̀ pé Dativa fúnra rẹ̀ ni, tòun ti okùn ìwọ̀n lọ́wọ́.

Rwagasana ń bẹ níbẹ̀, ó fara ti ọkọ́ rẹ̀, ó ń wò ó. Ó rọrùn fún Dativa láti sọ pé inú ìwé ni òun ti rí i, tàbí pé ìjọba ló pàṣẹ. Òótọ́ sì ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n Dativa dìde.

"Èmi ni, ìyá àgbà. Mi ò sì gbẹ́ ilẹ̀ wò kí n tó ní kẹ́ ẹ ṣe é. Ẹ foríjì mí."

"Ó tì o, mi ò tíì foríjì," ni Kankindi dá a lóhùn, àwọn èèyàn sì bú sẹ́rìn-ín. "Lọ wá ìdí rẹ̀ ná."

Ibẹ̀ ni ojú Dativa ti là. Ọgọ́ta ojú-ewé ló fi yin yàrà, kò sí oko kan tó wó nínú rẹ̀.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ní gbogbo òwúrọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, ó ń gbẹ́ ihò nínú oko Kankindi àti oko mẹ́wàá mìíràn. Ìyá àgbà ń tẹ̀ lé e káàkiri, á jókòó sórí àpótí, á máa jẹ ọ̀dùnkún sísè, á sì máa bi í bí agbẹjọ́rò.

"Báwo lo ṣe mọ̀? Bí mo bá ní irọ́ lò ń pa, kí lo máa fi hàn mí?"

Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń yé e. Níbi tí amọ̀ bá wà nísàlẹ̀, omi yàrà á rì wọlẹ̀, á dúró lórí amọ̀ náà, ilẹ̀ òkè á sì yọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ṣe ń yọ̀ lórí ọṣẹ. Níbi tí kò bá sí amọ̀, yàrà dára. Oko mẹ́rin péré ló ní amọ̀ nínú mọ́kànlá, àwọn mẹ́rin náà gan-an ló sì ti wó.

Lọ́jọ́ ìdánwò, obìnrin ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó wá láti Kigali, ọ̀kan nínú olùdánwò mẹ́rin náà, gbójú sókè láti inú iṣẹ́ tí Dativa tún kọ.

"Gbogbo ayé ló ní yàrà dára. Ìwọ ní ó ń wó oko. Báwo lo ṣe mọ̀?"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu Dativa. Ṣé ìbéèrè tí ìyá àgbà ti ń jẹ ọ̀dùnkún bi òun lẹ́nu ihò láìmọye ìgbà nìyí? Ó sọ ọ́ láìkólòlò: iye oko, iye ihò, ibi tí amọ̀ jìn dé. Lẹ́yìn náà ó ní òun fúnra òun ló ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà tó burú jù nínú wọn.

"Ta ló tọ́ ọ sọ́nà?" obìnrin náà bi í.

Gbogbo ojú yí sí Rwagasana tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kò purọ́, ẹ jẹ́ ká yìn ín fún ìyẹn. "Kì í ṣe èmi," ó ní. "Mi ò ràn án lọ́wọ́ bó ṣe yẹ."

"Ìyá àgbà Kankindi ni," ni Dativa wí. "Àgbẹ̀ ni, lórí òkè wa."

Obìnrin náà ní kó pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí ó máa fi di ọ̀sán, Dativa ti ń gun òkè bọ̀, bàtà lọ́wọ́, ẹsẹ̀ lásán. Ó bá Kankindi níbi tó ti ń tún ẹ̀wà gbìn nínú oko rẹ̀.

"Mo yege, ìyá àgbà. Orúkọ yín wà nínú ìwé wọn."

Kankindi gbé agbọ̀n irúgbìn sílẹ̀. Ó rìn dé etí oko, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ó ké sí òkè kejì:

"Ẹ gbọ́ o! Agoronome wa ti yege! Èmi Kankindi ni mo kọ́ ọ!"

Dativa sáré lọ dúró tì í, omi ń dà lójú rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn ju bó ṣe lè sọ lọ. Òun náà fi gbogbo agbára ké e:

"Òótọ́ ni o! Òun ló kọ́ mi!"