Pak Jam Tí Kò Fẹ́ Kí Àkókò Ṣòfò

Bí ẹ bá dé Teluk Kumbar, abúlé wa, lónìí tí ẹ dárúkọ Pak Jam, ìyẹn Bàbá Jamhari, ìtàn àlùbọ́sà ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún yín.

Ó ku ọ̀la kí ọmọ Mak Cik Halijah, àǹtí gbogbo àdúgbò, ṣe ìgbéyàwó. Gbogbo obìnrin àdúgbò ti kóra jọ sí ẹ̀yìnkùlé láti gbọ́ oúnjẹ ìgbéyàwó pọ̀, bí a ṣe máa ń ṣe é. Òkìtì àlùbọ́sà wà nílẹ̀, ata wà nínú agbọ̀n. Pak Jam, ọ̀gá wa níléeṣẹ́ ní Bayan Lepas, ní kóun yà kí wọn. Ó rí obìnrin kan tó dìde lọ mú ọ̀bẹ, tó padà wá jókòó, tó tún dìde lọ da èèpo nù. Ara rẹ̀ kò gbà á.

Kí oòrùn tó mú, ó ti tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ. Ẹni tó ń bó àlùbọ́sà kò gbọdọ̀ gé e, ẹni tó ń gé e kò gbọdọ̀ dìde, garawa èèpo wà lẹ́sẹ̀ oníkálukú. Iṣẹ́ tó yẹ kó gbé wọn di ìrọ̀lẹ́ parí kí ọ̀sán tó pọ́n. Àwọn obìnrin káwọ́ lẹ́rán, wọ́n wojú ara wọn, wọ́n bá ń lọ sílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Mak Cik Halijah máa fi jáde, Pak Jam nìkan ló bá níbẹ̀.

“Jamhari! Àwọn èèyàn mi dà?”

“Wọ́n ti parí, Mak Cik. Ẹ wo àlùbọ́sà, ẹ wo bó ṣe dọ́gba.”

“Ta ló bi ọ́ léèrè àlùbọ́sà? Òfófó tí mo ti ń tọ́jú láti ààwẹ̀ tó kọjá, ta ni kí n wá sọ ọ́ fún? Àlùbọ́sà?”

“Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yá, Mak Cik.”

“Gbọ́ mi dáadáa. Tí mo bá kú, má wá síbi òkú mi o. O ò ní jẹ́ kí wọ́n sunkún tán.”

Bí Ọlọ́run ṣe dá Pak Jam nìyẹn. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó lọ tọrọ ọmọbìnrin kan. Kò tíì jókòó dáadáa tó ti sọ ohun tó bá wá, tó mú ọjọ́ ìgbéyàwó, tó sì dárúkọ ọmọ tí wọ́n máa kọ́kọ́ bí. Bàbá ọmọ ní kó kọ́kọ́ mu tíì. Pak Jam ní kí bàbá máa dá òun lóhùn lọ, òun lè mu tíì lórí ìdúró. Títí ó fi kú, òun nìkan ló dá gbé.

Ti sálúbàtà tún wà níbẹ̀. Ní Jímọ̀ kan, ó rí i pé gbogbo èèyàn ló ń yí ẹ̀yìn padà lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí kí wọ́n tó lè wọ bàtà wọn. Ó bá yí gbogbo bàtà kọjú sí ọ̀nà, ó sì tún tò wọ́n láti orí ńlá dé orí kékeré. Ẹnikẹ́ni kò mọ tirẹ̀ mọ́. Ìmáàmù wọ dúdú kan àti pupa kan lọ sílé. Pak Jam ní kò burú, ó kéré tán, Ìmáàmù kò yí ẹ̀yìn padà. Ó jáwọ́ nínú títo bàtà lẹ́yìn ìyẹn, àmọ́ kò jáwọ́ nínú yíyí i. Bí ẹ̀yin àti òun bá jọ wà nílé ẹnì kan, tí ẹ bá máa jáde, ẹ óò rí i pé bàtà yín ti kọjú sí ọ̀nà.

Níléeṣẹ́, ìlà ìlà ni àwọn òṣìṣẹ́ ń jókòó sí, ìlà kẹrin ni tiwa. A máa ń wọ aṣọ funfun tó bò wá dé orí, ojú wa nìkan ló ń yọ, a ó sì máa yẹ ṣíìpù wò, àwọn ohun pẹlẹbẹ tí kò tó èékánná tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà. Pak Jam á dúró lẹ́yìn wa, á máa fi aago wọn eré ọwọ́ wa. Á sún àwo ṣíìpù díẹ̀ sápá òsì, á ní ká tún gbìyànjú wò. A máa ń bú u lábẹ́ aṣọ tó bo ẹnu wa. Nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́, iṣẹ́ á ti pọ̀ sí i, èjìká wa kò sì ní dùn wá bíi ti tẹ́lẹ̀.

“Ìrìn tí kò bá kan ṣíìpù, ìgbafẹ́ ni,” bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Saroja ni ọwọ́ rẹ̀ fà jù láàárín wa, torí ó máa ń kọrin wúyẹ́wúyẹ́ sínú iṣẹ́.

“Saroja, orin yẹn ti gùn jù.”

“Ẹ má bínú, Pak Jam. Ẹ jẹ́ kí n wá èyí tó kúrú.”

Lọ́dún kan, àwọn tó ni iléeṣẹ́ ránṣẹ́ láti òkè òkun pé kí ìlà kẹrin máa ṣe iye iṣẹ́ tó ń ṣe, kí èèyàn kan sì dín níbẹ̀. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á kó ìlà náà lọ sí ìlú míì. Ọ̀gá àgbà wa, Ọ̀gbẹ́ni Khoo, ní kí Pak Jam fa ẹni tó máa lọ kalẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tó máa fà kalẹ̀. Ìyá Saroja ń ṣàìsàn nílé, owó oṣù Saroja yìí ni wọ́n fi ń gbé e lọ sílé ìwòsàn. Kò kọrin rárá lọ́sẹ̀ yẹn, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọwọ́ rẹ̀ sì wá fà jù lọ.

Khoo wá bá wa lórí ìlà.

“Pak Jam, ṣé ẹ ti rí ẹni tó máa lọ?”

“Mo ti rí i. Ẹnì kan wà níbí tí ọwọ́ rẹ̀ kì í kan ṣíìpù kankan láti àárọ̀ dalẹ́. Ṣe ló ń rìn kiri, tó ń yọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́nu.”

Khoo wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. “Ta ni?”

“Èmi ni.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Pak Jam, ẹ má bá mi ṣàwàdà.”

“Ṣé ẹ ti rí i kí n ṣàwàdà rí?”

Khoo rò ó títí. Kò rí i rí lóòótọ́.

Pak Jam ká aṣọ funfun rẹ̀ sílẹ̀, ó bá ẹnu ọ̀nà lọ. Kò dágbére fún wa. Ó ní ìdágbére á dá iṣẹ́ dúró.

Iṣẹ́ kò sì dúró. Bó ṣe tò ó sílẹ̀ ló ń lọ, bíi pé ó ṣì wà lẹ́yìn wa. Ní ìrọ̀lẹ́, tí bọ́ọ̀sì iléeṣẹ́ bá já wa sílẹ̀, a óò bá a lẹ́bàá ọ̀nà.

“Ìlà ńkọ́?”

“Ó ń lọ dáadáa, Pak Jam.”

“Ó dáa,” á wí bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ á sì rẹ̀wẹ̀sì.

Saroja ló kọ́kọ́ rí i. Nígbà tó di ọjọ́ kan, ó dáhùn, “Kò lọ dáadáa o, Pak Jam. Wọ́n ti sún àwo sápá ọ̀tún.”

“Sápá kí ni?” Inú ọkùnrin náà dùn bí ẹni rí ọmọ tó sọnù. Ó dúró sẹ́bàá ọ̀nà, ó ń fọwọ́ ṣàlàyé títí oòrùn fi wọ̀. Láti ìgbà náà, a máa ń ba nǹkan kan jẹ́ fún un lójoojúmọ́, lẹ́nu lásán.

Lọ́sàn-án, ẹ̀yìnkùlé Mak Cik Halijah ló ń jókòó sí, tó ń bá a bó àlùbọ́sà.

“Ìwọ tó ń tọ́jú àkókò fún gbogbo ayé, níbo lo kó tìẹ sí?”

“Mi ò mọ̀ mọ́, Mak Cik.”

“Ó dáa, jókòó dáadáa. Mo ní òfófó kan tí o jẹ mí láti ọjọ́ ìgbéyàwó yẹn.”

Ó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mak Cik ní kò wo aago lẹ́ẹ̀kan.

Pak Jam kú ní ìdájí ọjọ́ kan, a ti sin ín kí ọ̀sán tó pọ́n. Irú iṣẹ́ tí ì bá yìn nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́, a kóra jọ sílé rẹ̀ láti se oúnjẹ fún àwọn tó wá ṣàdúà fún un. Ó ti mọ́ wa lọ́wọ́: láìsọ̀rọ̀, oníkálukú ti mú ipò rẹ̀, garawa ti wà lẹ́sẹ̀. Mak Cik Halijah, tí ọjọ́ ogbó ti mú kó tẹ̀, na ọ̀pá rẹ̀ sí wa.

“Ta ń lé yín? Ẹ tú ìlà yẹn ká. Tẹ́ ẹ bá ti parí, ilé lẹ máa lọ, Jamhari nìkan lá sì kù.”

A tú u ká. A ń dìde lọ mú ọ̀bẹ, a ń padà wá jókòó, a tún ń dìde lọ da èèpo nù. A sọ ìtàn sálúbàtà, a rẹ́rìn-ín, a tún un sọ. Saroja kọrin èyí tó gùn, kò sẹ́ni tó dá a dúró. Mo ti bá ọ̀gá tó pọ̀ ṣiṣẹ́ lẹ́yìn Pak Jam, àwọn kan tilẹ̀ yá ju òun lọ, síbẹ̀ àárò aago rẹ̀ lẹ́yìn mi kò yé sọ mí.

Nígbà tí a wá dìde láti lọ, a bá gbogbo sálúbàtà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti kọjú sí títì. Àyà wa já. Saroja ní òun ni. Ó ní ó yẹ kí ẹnì kan bá a ṣe é.

Ó ku kí a ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ká máa lọ. Kò sẹ́ni tó ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.