Orin Tí Nei Tekarara Gbọ́ Lọ́dún Ọ̀dá

Nei Tekarara ni ó bí ìyá mi. Ní Onotoa, ní gúúsù Kiribati, ni a bí i, ibẹ̀ náà ni ó sì ti lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Àwa yòókù ń gbé ní abúlé lẹ́bàá ọ̀sà, ní apá ìwọ̀-oòrùn. Òun nìkan ni ó kọ́ ahéré rẹ̀ sí ẹ̀bá òkun ní ìlà-oòrùn, nítorí pé ibẹ̀ ni kòtò tí ó gbin kókò rẹ̀ sí wà. Ìyá ìyá rẹ̀ ni ó gbẹ́ kòtò náà títí tí ó fi kan omi, a kì í sì í fi irú kókò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn tọ́jú.

Afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn kì í sinmi lọ́dọ̀ wa. Yóò fẹ́ kọjá lójú ahéré ìyá àgbà, yóò gba orí àwọn igi àgbọn, yóò sì bọ́ sórí ọ̀sà. Nítorí náà, ohun tí a bá sọ ní abúlé kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bí a tilẹ̀ pariwo. Òun a máa sọ pé afẹ́fẹ́ ni ó ń gba òun lọ́wọ́ òfófó wa.

Ní àkókò tí mo ń sọ yìí, òjò ti kọ̀ láti rọ̀ fún ohun tí ó lé ní ọdún méjì. Lábẹ́ ilẹ̀ wa, omi òjò ni ó máa ń léfòó lórí omi iyọ̀, bí epo ṣe ń léfòó lórí ọbẹ̀. Bí òjò bá ṣọ̀wọ́n, iyọ̀ a gòkè. Gbogbo kànga ti di iyọ̀. Orí àwọn igi àgbọn ń já bọ́ lódindi, ìtì wọn a sì dúró gbọọrọ bí òpó ilé tí ó ti wó. Ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé omi mímu wá fún wa láti Tarawa, olú-ìlú wa, ìwọ̀nba sì ni ó ń kan ilé kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi, Teretia, bẹ ìyá àgbà títí pé kí ó wá máa bá wa gbé, ṣùgbọ́n ó ní òun kò lè fi kókò òun sílẹ̀ kí ó kú.

Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ dúró.

Ẹni tí kò bá gbé ilẹ̀ wa kò lè mọ bí ìyẹn ti rí. Imọ̀ àgbọn kan kò mì. Bí ọmọdé bá wúkọ́ ní ìpẹ̀kun abúlé, gbogbo wa ni a ń gbọ́. Láìsí ẹni tí ó pàṣẹ, a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Omi òkun lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí ọrùn ẹsẹ̀ bí omi tí a gbé kaná tí a sì gbàgbé. Àwọn ẹyẹ òkun fi ọmọ wọn sílẹ̀ nínú ìtẹ́, wọ́n sì lọ. Ìtì igi ńláńlá kan gúnlẹ̀ sí etí ọ̀sà tòun ti gbòǹgbò rẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ dúdú ṣì wà láàárín gbòǹgbò náà, kò sì sí àgbàlagbà kan tí ó dá irú igi bẹ́ẹ̀ mọ̀. Nígbà tí afẹ́fẹ́ yóò tún fẹ́, láti ìwọ̀-oòrùn ni ó ti wá, níbi tí àwọn òkú wa ń lọ.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ gíramà ní Tarawa, olùkọ́ wa ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà. Afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn ni ó máa ń ti omi gbígbóná orí òkun lọ sí ọ̀nà jíjìn ní ìwọ̀-oòrùn, tí omi tútù yóò sì gòkè wá rọ́pò rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Omi tútù kì í bí òjò. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọdún tí ó rẹ afẹ́fẹ́ náà, omi gbígbóná a padà wá, òjò a sì máa tẹ̀ lé e bí ajá ṣe ń tẹ̀ lé olówó rẹ̀. Mo sọ èyí fún ìyá mi.

"Ó dáa," ni ó wí. "Bá mi sọ fún omi gbígbóná náà kó má pẹ́ lọ́nà."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gbé omi lọ fún ìyá àgbà. Mo bá a lórí ẹní tuntun. Ó ti fi òróró pa irun rẹ̀, ó sì ti di ẹrù rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, ahọ́n rẹ̀ sì funfun. Omi tí mo gbé wá lánàá wà níbẹ̀, kò dín.

"Ìyá àgbà, ẹ ò mu omi àná."

"Dà á sídìí kókò."

"Kókò ti mu tiẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Bauro ń pè mí," ni ó wí, bí ẹni tí ń sọ pé ilẹ̀ ti ń ṣú. "Ẹni tí wọ́n bá ń pè lọ́hùn-ún, tó bá ṣì ń mumi níbí, ẹsẹ̀ ẹ̀ á wúwo. Jókòó. Kò ní pẹ́ pè báyìí."

Bauro ni ọkọ rẹ̀, adẹ́mu tí ó kú kí ọ̀dá tó bẹ̀rẹ̀. Adẹ́mu ilẹ̀ wa kì í dákẹ́ lórí igi àgbọn. Ó ní láti kọrin, kí àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ lè mọ̀ pé ènìyàn wà lókè. Bauro ní orin kan tí ó ṣe fún ìyá àgbà nígbà èwe wọn. Ẹ̀bá ọ̀sà ni àwọn igi rẹ̀ wà, afẹ́fẹ́ sì máa ń gbá ohùn rẹ̀ lọ sójú omi. Ìyá àgbà kò gbọ́ orin náà láti orí igi rí. Orí ẹní ni ó ti ń kọ ọ́ sí i létí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Oòrùn kan ọ̀sà. Nígbà náà ni ohùn kan dé. Ó wá láti òkè, ó ń já, ó ń so, bí ohùn ẹni tí ń rìn nínú òfuurufú tí kò rí ibi gbé ẹsẹ̀ lé. *Tekarara, ìwọ tí o jókòó sójú afẹ́fẹ́, sún mọ́ mi.* Gbogbo irun ara mi dìde.

"Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́."

Mo dìde, mo sì sá. Apá ibi tí ohùn náà ti ń wá ni ilé wa wà. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí mo lè sá gbà. Bí mo ti ń sún mọ́ ọn ni ó ń di ohùn ènìyàn díẹ̀díẹ̀, títí tí mo fi dé etí ọ̀sà, tí mo rí Teraaka, ọmọ àbúrò Bauro, tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí igi pẹ̀lú ìgò ẹmu lọ́rùn.

"Ta ló ń lé ẹ?"

"Bọ̀ọ̀dá Teraaka, orin wo lẹ ń kọ?"

"Orin ẹmu. Àbí wọ́n ti fòfin dè é ní Tarawa?"

"Orúkọ ìyá àgbà wà nínú ẹ̀."

Ó gbé ìgò náà sílẹ̀. "Bàbá Bauro ló fún mi nígbà tó ń kú lọ. Ó ní kórin náà má bá òun wọlẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ gbogbo ni mò ń kọ ọ́, ẹja ọ̀sà nìkan ló ń gbọ́."

"Ìyá àgbà ti ń gbọ́ ọ báyìí. Kò sì mumi mọ́."

Ní ọjọ́ kejì, èmi, ìyá mi àti Teraaka jọ lọ bá a. Kò lè dìde jókòó mọ́.

"Màmá, èmi lẹ̀ ń gbọ́," ni Teraaka wí.

"Ìwọ kẹ̀. Ìwọ tóhùn ẹ dà bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n so mọ́gi."

Teraaka kọ orin náà níbẹ̀. Ìyá àgbà mi orí. "O lọ jí orin olórin gbọ́ ni. Mo mọ ohùn ọkọ mi."

Ìyá mi bú sẹ́kún. Teraaka wí pé, "Ó dáa. Mi ò ní gungi nírọ̀lẹ́ òní. Ọ̀dọ̀ yín níbí ni mo máa jókòó sí. Tó bá jẹ́ Bàbá Bauro ni, á kọ ọ́ láìsí èmi."

"Àwọn igi ẹ ńkọ́?" ni ìyá mi bi í. "Tó ò bá fá ojú ibi tẹ́mu ti ń kán lásìkò, wọ́n á dáwọ́ ẹmu dúró."

"Kí wọ́n dáwọ́ dúró."

"Tó bá wá kọ ọ́ ńkọ́?" ni ìyá àgbà béèrè.

"A jẹ́ pé kẹ́ ẹ máa lọ, Màmá. A ò ní fomi lọ̀ yín mọ́."

Ìyá mi di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni tí ó fẹ́ gba ọ̀rọ̀ náà padà, ṣùgbọ́n ìyá àgbà ti gbà.

A jókòó. Oòrùn kan ọ̀sà, ó wọ̀. Mo tẹ́tí, ẹ̀rù sì bà mí pé ohùn náà yóò dé. Kò dé. Afẹ́fẹ́ ìwọ̀-oòrùn nìkan ni ó ń fẹ́ lé wa lójú. Lẹ́yìn náà, ìró kan bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀sà, ó gun orí ilẹ̀, ó ń bọ̀ gba àárín igi bí ẹsẹ̀ àìníye lórí ewé gbígbẹ.

Ìyá àgbà gbá ọwọ́ Teraaka mú. "Ṣé wọ́n pọ̀ tó yẹn ni?"

"Òjò ni, Màmá."

Ó sì jẹ́ òjò. Ó balẹ̀ sórí ahéré, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ mọ́. Ìyá àgbà kò wo òjò náà. Ó ṣì ń tẹ́tí sí abẹ́ ìró rẹ̀. Nígbà tí òjò náà rọlẹ̀ díẹ̀, ó sọ pé, "Kò kọ ọ́."

"Kò kọ ọ́, Màmá."

"A jẹ́ pé ó ti kú lóòótọ́."

Ìyá mi gbé igbá sí etí òrùlé, ó sì gbé e fún un. Ó mu, ó sinmi, ó tún mu. Ó ń sunkún, ṣùgbọ́n kò sí omijé. Kò tíì sí omi lára rẹ̀ tí yóò fi sun ún.

Méjì nínú àwọn igi Teraaka dáwọ́ ẹmu dúró. Òjò ọdún náà pọ̀ débi pé a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún un, iyọ̀ sì padà sísàlẹ̀ nínú àwọn kànga. Nígbà tí afẹ́fẹ́ padà sí ìlà-oòrùn, orin náà kò dé ahéré ẹ̀bá òkun mọ́. Ìyá àgbà gbé ẹní rẹ̀, ó sì wá kọ́ ilé sí ìdí igi Teraaka. Àárọ̀ ni ó ń lọ sí ìdí kókò rẹ̀. Kò sí iṣẹ́ tí ó lè dá a dúró síbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Teraaka ń ráhùn pé ìyá àgbà kò jẹ́ kí òun gbádùn. Láti ìsàlẹ̀ ni yóò ti máa ké sí i pé, "Ibẹ̀ kọ́ ló ti ń mí. Tún un kọ." Teraaka a tún un kọ. Ó ti ń mí níbi tí ìyá àgbà ní kí ó máa mí báyìí, ó sì ti ń fa ohùn níbi tí Bauro ti ń fà á. Bí mo bá ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn ní ìrọ̀lẹ́, èmi gan-an kò lè sọ mọ́ ẹni tí ó wà lórí igi.