Sányán Ìyá Ìsẹ́yìn

Òórùn kánfọ̀ ṣì wà nínú àpótí gíláàsì náà nígbà tí mo ṣí i láàárọ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń fi nǹkan olóòórùn inú agolo fín aṣọ, ẹ lè má mọ kánfọ̀. Ó funfun, ó rí roboto, àárín aṣọ la máa ń fi í sí kí kòkòrò má baà jẹ aṣọ. Wọ́n nà wá nítorí rẹ̀ nígbà kékeré, torí a rò pé súìtì ni. Bí òórùn yẹn bá ti kàn mí nímú, kíá ni mo máa ń di ọmọ tó ń sá kiri láìwọ bàtà lórí yanrìn gbígbóná ní Gwange.

Gwange náà ni yàrá tí àpótí gíláàsì yìí wà. Ẹgbẹ́ wa, àwa ọmọ Yorùbá tó ti pẹ́ ní Maiduguri, ló kó àwọn ohun àtijọ́ àwọn òbí wa jọ síbẹ̀ kí gbogbo ìlú lè máa wá wò wọ́n. Àga onírin wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ ọlọ́wọ́ wà níbẹ̀, rédíò kan tó tóbi ju ewúrẹ́ lọ náà wà, àti fọ́tò àwọn èèyàn tí kò sẹ́ni tó mọ orúkọ wọn mọ́. Èmi ni wọ́n ní kí n máa jókòó tì wọ́n ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, torí pé mo ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, àwọn èèyàn sì gbà pé ẹni tó bá ti fẹ̀yìntì kò ní nǹkan tó ń ṣe. A lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà. A kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì, a kéde ní mọ́sálásí, a ní ọ̀fẹ́ ni. Ewúrẹ́ àdúgbò ló ń wá jù. Nígbà mìíràn ọ̀dọ́ kan á yọjú, á ya fọ́tò ara rẹ̀ níwájú rédíò, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ó ti rẹ̀ mí. Mo sọ ọ́ jáde báyìí kí ẹ má baà rò pé gbogbo àgbà tó bá ń sọ ìtàn àtijọ́ ni inú rẹ̀ ń dùn.

Ó ti rẹ alága wa náà. Olùkọ́ ni ní yunifásítì, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í gbóhùn sókè. Nígbà tí òjò ń rọ̀ lọ́wọ́, ó sọ fún wa ní ìpàdé pé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ nílò yàrá náà láti fi kọ́ Yorùbá, torí Hausa ló yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Ó ní bí èèyàn kò bá bẹ̀rẹ̀ sí wá títí òjò fi máa dá, kí a di àwọn ẹrù náà ránṣẹ́ sí ilé ohun àtijọ́ kan ní Ìbàdàn. “Màmá, wọn ó tọ́jú wọn dáadáa níbẹ̀.” Kò parọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí aṣọ sányán tó wà nínú àpótí gíláàsì yẹn bá fi lè wọ ọkọ̀, n kò ní fojú kàn án mọ́ kí n tó kú. Àwọn ará Ìbàdàn yóò rí sányán tó dára, wọn kò sì ní mọ ohun tó jẹ́.

Agbo ilé wa nígbà náà, ilé amọ̀ ni. Lọ́dọọdún ni òjò ń jẹ ògiri rẹ̀, lọ́dọọdún náà la sì ń rẹ́ ẹ padà. Igi dóńgóyárò kan wà láàárín ọgbà. Abẹ́ rẹ̀ la ti ń jẹun, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń dirun fún wa, abẹ́ rẹ̀ náà ni wọ́n ti ń nà wá. Yàrá tó kọjú sí i ni Ìyá Ìsẹ́yìn ń gbé. Ọkọ rẹ̀ ń ta obì lọ́jà, ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n sì bá wá láti ilẹ̀ wa. Kì í sú u láti sọ bí àwọn tí wọ́n jọ wọkọ̀ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí àwọn nìkan ṣẹ́kù títí irin fi tán nílẹ̀. “Ibi tí irin parí sí ni mo parí sí,” a wí bẹ́ẹ̀, a sì rẹ́rìn-ín. Kò bí ọmọbìnrin. Ohun tó ní ni àpótí páànù kan, sányán tí wọ́n hun fún ìgbéyàwó rẹ̀ ló sì wà nínú rẹ̀, ìró, bùbá, gèlè àti ìborùn. Àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti yanrìn ìlú yìí gẹ́lẹ́.

Láyé ìgbà náà, bí ọmọ wa kan bá fẹ́ lọ sílé ọkọ, ta ni yóò lọ hun òfì wá láti ọ̀nà tó jìn tó bẹ́ẹ̀? Ọ̀dọ̀ Ìyá Ìsẹ́yìn ni ìyá ìyàwó máa ń wá. Kì í bi wọ́n bóyá ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lọ tàbí mọ́sálásí, kì í bi wọ́n bóyá Ọ̀fà ni wọ́n ti wá tàbí Ìjẹ̀bú. Ohun tó ń fẹ́ ni pé kí ìyàwó, kó tó dá aṣọ padà, fi òwú àwọ̀ tó bá wù ú gán ojú abẹ́rẹ́ kan sí abẹ́ ìṣẹ́tí ìró náà, níbi tí ojú kò tó. Àti pé kí aṣọ má padà wálé lófìfo. Obì ni wọ́n sábà máa ń dì sínú rẹ̀. Ọmọdé kì í jẹ obì, nítorí náà ìpadàbọ̀ aṣọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ jọ wá lójú.

Iṣẹ́ tó já lé wa léjìká ni ká máa ṣọ́ ọ. Bí aṣọ bá dé, Ìyá Ìsẹ́yìn a sá a sórí okùn lábẹ́ dóńgóyárò kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, a sì ní kí èmi àti Fálmátà jókòó tì í kí ewúrẹ́ má baà fà á jẹ. Fálmátà ni ọ̀rẹ́ mi. Ọmọ Kànúrí ni. Ògiri kan ló wà láàárín ilé wọn àti ilé wa, àwa méjèèjì sì ti dá ihò sí ògiri náà fúnra wa. Yorùbá rẹ̀ dán mọ́rán, ó mọ òwe tí èmi kò mọ̀. Kànúrí tèmi kò kọjá kí n kí ìyá rẹ̀ kí n sì tọrọ omi. Hausa la fi ń jà. Bí a bá ń ṣọ́ aṣọ náà, a máa ń yí ìṣẹ́tí rẹ̀ sókè láti wo àwọn òwú, a sì ń yan tiwa sílẹ̀ de ọjọ́ iwájú. Mo yan funfun, òun yan àwọ̀ aró.

Òun ló kọ́kọ́ lọ sílé ọkọ. Ìyá rẹ̀ wá sí abẹ́ igi, ó jókòó, kò mọ bí yóò ṣe sọ ohun tó bá wá, Ìyá Ìsẹ́yìn sì ti wọlé lọ gbé àpótí. Àwọn obìnrin kan nínú agbo ilé kùn. Wọ́n ní ṣé aṣọ ilẹ̀ wa ni ọmọ ẹlòmíràn yóò ró. Mo ṣì ń gbọ́ èsì tó fún wọn: “Ta ló ṣọ́ ọ lọ́wọ́ ewúrẹ́? Èèyàn laṣọ mi, ẹ jàre.” Fálmátà lo sányán náà ní ọjọ́ kan nínú àwọn ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, làálì kún ọwọ́ rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́. Nígbà tí aṣọ padà dé, dàbínò ni ìyá rẹ̀ dì sínú rẹ̀, àwọn ọmọ ilé sì bò ó bí eṣinṣin.

Èmi náà lò ó nígbà tó kàn mí, mo gán òwú funfun mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ aró rẹ̀. Nígbà tí Ìyá Ìsẹ́yìn ń kú lọ, ó fi àpótí lé ìyá mi lọ́wọ́, ìyá mi sì fi lé èmi náà lọ́wọ́. Àwọn ìyàwó tuntun bẹ̀rẹ̀ sí fi fóònù ra aṣọ láti Èkó, àpótí kò sì jáde mọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọdún ìbọn àti bọ́ǹbù dé. Mo gbé àpótí náà sá lọ sí Jos, mo sì gbé e padà wá sí Maiduguri, sí ilé mi ní Moduganari, nígbà tí ìlú rọ̀. Ilé àwọn Fálmátà ti ṣófo. Mo béèrè títí. Àwọn kan ní wọ́n ti sọdá ààlà, àwọn kan ní wọ́n ti kú. Ó dùn mí débi pé mo dẹ́kun ìbéèrè.

Nígbà tí ẹgbẹ́ ń kó ohun àtijọ́ jọ, mo fi sányán náà sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n tì í mọ́ inú gíláàsì, wọ́n sì kọ ọ́ sí i lára ní èdè mẹ́ta pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Orí mi wú lọ́jọ́ yẹn. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó rántí pé aṣọ tí wọ́n ń yá ni.

Ní Sátidé kan, nígbà tí òjò ti ń dá lọ, ọmọbìnrin kan wọlé tòun ti híjáàbù. Kò wo rédíò rárá. Ìdí gíláàsì ló lọ tààrà, ó wò ó títí, ó wá kúnlẹ̀ níwájú mi. “Sannu, Mama.” Ó ní ìyá àgbà òun ló rán òun. “Kaka ta ce a ba ni aron zanin Iya.” Kí n yá òun ní aṣọ Ìyá, torí ìgbéyàwó òun ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo bi í pé ta ni ìyá àgbà rẹ̀. Dípò kó dárúkọ, ó di ojú rẹ̀ bí ẹni tó ń rántí àkọ́sórí, ó sì fi Yorùbá sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: “Ta ló ṣọ́ ọ lọ́wọ́ ewúrẹ́?”

Mo fa ọmọ náà dìde. Fálmátà wà láàyè. Jiddari Polo ló wà, láti ọdún tí wọ́n ti padà dé, ibi tí kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo lè gbé mi dé láti ilé mi. Òun náà ti béèrè mi títí, wọ́n sì sọ fún un pé gbogbo Yorùbá agbo ilé wa ti lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń ya fọ́tò níwájú rédíò ló fi fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù. Ọmọbìnrin yìí rí i, ó fi han ìyá àgbà rẹ̀ kí wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà kò rí rédíò, aṣọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló rí.

Mo pe alága. Mo rò ó fún un. “Màmá, bí epo bá dà sí i ńkọ́?” Mo ní epo ti dà sí i rí, lọ́jọ́ ìgbéyàwó tèmi gan-an. “Òfin ẹgbẹ́ ni, Ma. Ẹrù kankan kò gbọdọ̀ jáde.” Mo ní mo ti gbọ́. Mo ṣí gíláàsì, mo yí ìṣẹ́tí ìró sókè, òwú aró náà ṣì wà níbẹ̀, ó ti ṣá díẹ̀. Mo sunkún, n kò ní purọ́ fún yín. Mo wá ká aṣọ náà dáadáa, mo gbé e fún ọmọ náà, mo sì sọ fún un ohun tí yóò fi òwú ṣe.

Òní ni ó yẹ kí aṣọ náà padà wálé, òní náà sì ni alága ní òun ń bọ̀ wá di ẹrù. Kẹ̀kẹ́ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, arúgbó kan sì fi ọ̀pá wá ilẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀. Eyín rẹ̀ ti dín, tèmi náà ti dín. A di ara wa mú. Lẹ́yìn náà a jókòó sórí àwọn àga onírin tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má jókòó lé, ó sì tú dàbínò jáde láti inú áńkáṣífì. Ó ní Yorùbá òun ti dípẹtà, òun kò rí ẹni bá sọ ọ́. Mo ní tèmi náà ń dípẹtà lọ. Mo wá bi í pé aṣọ dà. Ó wojú mi bó ṣe máa ń wò mí láyé ọjọ́un bó bá ti dáràn. Ó ní ọmọbìnrin Yorùbá kan tó ń lọ sílé ọkọ ládùúgbò wọn, tí bàbá rẹ̀ ń ta táyà, rí i lára ọmọ ọmọ òun, ó sì ń bẹ̀bẹ̀. Òun ti yá a. Dàbínò ló ṣíwájú, aṣọ ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ó yẹ kí n bínú. Ẹ̀rín ló pa mí. Ibẹ̀ ni alága bá wa tòun ti páálí àti okùn. Ó wo gíláàsì òfìfo, ó wò mí. “Màmá, sányán dà?”

“Wọ́n ti yá a lọ,” Fálmátà ló dá a lóhùn, ó sì na dàbínò kan sí i.

Ó gbà á. Ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí di rédíò. Yóò kó àwọn ìyókù lọ sí Ìbàdàn, n kò sì ní bá a jà. Agbo ilé wa kò sí mọ́, wọ́n ti fi dóńgóyárò dáná, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ni òwú abẹ́ ìṣẹ́tí yẹn ti wọlẹ̀ lọ. Ó ṣì ń rẹ̀ mí, ọ̀rọ̀ yìí kò wo egungun mi sàn. Ṣùgbọ́n aṣọ wa wà lára ìyàwó kan ní Jiddari Polo lónìí, ẹnì kan yóò sì wá béèrè rẹ̀ lọ́la.

Bí mo ṣe ń rò ó lọ́wọ́, ewúrẹ́ àdúgbò ki orí bọ ẹnu ọ̀nà. Àwa arúgbó méjèèjì la jọ fò dìde láti lé e.